Ta ló ń bọ́ àwọn ẹran tó wà nísàlẹ̀ òkun níbi tí gáàsì ti ń yọ?

omo_ijebu_kan

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ibí. Ẹ dákun ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ti di àríyànjiyàn nílé wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní SS2 ló ń wo fídíò kan lórí YouTube, wọ́n sọ rọ́bọ́ọ̀tì kalẹ̀ sínú òkun, ó lọ sísàlẹ̀ lọ sísàlẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ò fi dé ibẹ̀ mọ́, ó ṣókùnkùn biribiri, ló bá dédé kan ibì kan tí nǹkan ti ń hó jáde látinú ilẹ̀, oríṣiríṣi ẹ̀dá sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ekòló gígùn tó ń gbé inú páìpù, ìkarahun lórí ìkarahun, akàn funfun, edé. Cold seep ni wọ́n pe ibẹ̀. Ọmọ yẹn wá bi mí pé ṣebí tíṣà bàólọ́jì àwọn ní ewéko ló ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ, ẹran kan á jẹ ewéko, ẹran míì á jẹ ẹran yẹn, ó ní níbi tí oòrùn ò wá sí yìí ńkọ́, kí ni wọ́n ń jẹ? Mo ní bóyá ìdọ̀tí tó ń já bọ́ látòkè ni. Bàbá ẹ̀ ní rárá, òun gbọ́ pé gáàsì ni wọ́n ń jẹ. Ta ló ń jẹ gáàsì yó?

Ìbéèrè kejì, ṣé irú ibẹ̀ wà nínú òkun tiwa níbí àbí ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ló wà? Torí tó bá jẹ́ gáàsì ni ṣá, a ní gáàsì o.

BabaSuuru

Olókun ló ń bọ́ wọn jàre. Ìbéèrè tó kù dà? 😂

omo_ijebu_kan

Bàbá ẹ jọ̀ọ́ 😂😂 ọmọ yẹn fẹ́ kọ ọ́ sínú nótì o, mi ò lè ní kó kọ Olókun fún tíṣà.

tunde_marine

Ẹ kú ìbéèrè sà. Ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín, kò sẹ́ni tó parọ́ nínú yín, ibi tí kálukú ń sọ ló yàtọ̀. Tá a bá mú ìsàlẹ̀ òkun lápapọ̀, ìdọ̀tí tó ń bọ́ látòkè náà ni ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀dá ibẹ̀ ń jẹ, òkú àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú omi, ìgbẹ́ ẹja, gbogbo ẹ̀ ń rọra rọ̀ wálẹ̀, àwọn tó wà lójú ọ̀nà á ti jẹ nínú ẹ̀, èyí tó máa délẹ̀ ò ní tó nǹkan mọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìsàlẹ̀ òkun fi jẹ́ ẹrọ̀fọ̀ lásán lójú kámẹ́rà, ẹ lè wò ó fún wákàtí kan kẹ́ ẹ má rí ju ẹja kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n níbi tí gáàsì ti ń yọ, abẹ́ ilẹ̀ ni oúnjẹ ti ń bọ̀.

Gáàsì méjì ló ṣe kókó níbẹ̀. Èkíní ni methane, òun náà ló pọ̀ jù nínú gáàsì tí wọ́n ń fi páìpù gbé lọ sílé iṣẹ́ tó ń ṣe iná mànàmáná. Ìkejì ni hydrogen sulfide, èyí tó máa ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Methane yẹn lè jẹ́ èyí tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ṣe nínú ẹrọ̀fọ̀ látara nǹkan tó ti jẹrà, ó sì lè jẹ́ èyí tó ti ibi tí epo rọ̀bì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún gba inú àpáta tó sán jáde.

Kì í wá ṣe pé ekòló àti ìkarahun ń gbé gáàsì mì o. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló mọ̀ ọ́n lò, bakitéríà àti àwọn míì tí wọ́n ń pè ní archaea. Agbára wà nínú methane àti sulfide, ṣebí ẹ rí i pé gáàsì ń jó, agbára yẹn làwọn kòkòrò yìí ń yọ láìsí iná, tí wọ́n sì fi ń sọ kábọ́ọ̀nù di ara wọn, iṣẹ́ tí ewéko ń fi oòrùn ṣe náà ni. Tíṣà yẹn ò ṣì wọ́n lọ́nà, ohun tó kọ́ wọn ni ti orí ilẹ̀ àti òkè omi. Kẹ́ ẹ sì fi í sọ́kàn pé oòrùn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sọ́rọ̀ náà ṣá, torí ọ́síjìn inú omi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, ewéko àti àwọn ẹ̀dá aláwọ̀ ewé òkè omi ló ṣe é.

Ẹ wá wo ekòló onípáìpù tí ọmọ yín rí. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù ní Gulf of Mexico, òkun tó wà láàárín Amẹ́ríkà àti Mexico, Lamellibrachia lorúkọ ẹ̀. Tó bá ti dàgbà, kò lẹ́nu, kò nífun, kò sí ibi tí oúnjẹ ń gbà wọlé, kò sí ibi tó ń gbà jáde. Inú ara ẹ̀ ni bakitéríà kún sí. Ó ní nǹkan pupa kan bí ìyẹ́ tó yọ síta lókè páìpù, ìyẹn ló fi ń gba ọ́síjìn, hydrogen sulfide ńkọ́, ìdí ẹ̀ tó rì sínú ẹrọ̀fọ̀ bíi gbòǹgbò ló fi ń fà á, ẹ̀jẹ̀ á gbé méjèèjì lọ bá àwọn bakitéríà nínú, àwọn yẹn á dáná, òun náà á jẹ níbẹ̀. Bí ẹni tó gba alásè sílé tó ń ra ọjà fún un lójoojúmọ́ ló rí. Ẹ sì rántí pé májèlé ni hydrogen sulfide yẹn fún èmi àti ẹ̀yin o, ó ń dá mímí sẹ́ẹ̀lì dúró, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ekòló yìí ní ibi tó ń dì í mú sí lọ́tọ̀, ọ́síjìn lọ́tọ̀, kì í jẹ́ kí méjèèjì pàdé títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Pupa tó pupa yẹn, hemoglobin ni, ìdílé kan náà ni òun àti tinú ẹ̀jẹ̀ wa.

Ìkarahun tó tò síbẹ̀, mussel ni, Bathymodiolus, ibi tó fi ń mí ni bakitéríà tiẹ̀ ń gbé. Irú kan ń gbé èyí tó ń lo methane, irú kan ń gbé èyí tó ń lo sulfide, àwọn míì gbé méjèèjì pọ̀ kó lè jẹ́ pé tí ọ̀kan bá dín, èkejì wà.

Tó bá fẹ́ kọ ọdún sí i: 1977 ni wọ́n kọ́kọ́ rí irú ìgbé ayé báyìí nítòsí erékùṣù Galápagos, àmọ́ omi gbígbóná ló ń tú jáde níbẹ̀ yẹn. Èyí tó tutù, àwọn Charles Paull ló rí i níwájú Florida, ọkọ̀ abẹ́ omi tó ń jẹ́ Alvin ni wọ́n wọ̀ lọ sísàlẹ̀ bíi mítà 3,200, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1984. Àwọn onímọ̀ àpáta ni wọ́n, òkè abẹ́ omi ni wọ́n bá lọ, wọn ò wá ẹran kankan.

iya_ibeji_baltimore

Ẹ ṣeun sà, ó yé mi ju bí mo ṣe rò lọ. Mo ní ìbéèrè kan o. Mo rí i níbì kan tí wọ́n kọ pé ibi tí ohun ẹlẹ́mìí pọ̀ sí jù nísàlẹ̀ òkun nìyí, mo tún rí i níbòmíì pé oríṣi tó wà níbẹ̀ ò tó ti ẹrọ̀fọ̀ lásán. Èwo ni ká gbà? Ọmọ mi ń kọ èsè lórí biodiversity, ìyẹn bí ohun ẹlẹ́mìí ṣe pọ̀ lóríṣiríṣi, mi ò fẹ́ kó lọ kọ ìkọkúkọ.

tunde_marine

Màmá ìbejì, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dojú ọ̀rọ̀ yìí rú gan-an lẹ tẹ̀ yẹn. Ẹ ní kó ya iye orí sọ́tọ̀ kúrò lára iye oríṣi, ìyẹn ló máa gbà á.

Tẹ́ ẹ bá bu ẹrọ̀fọ̀ lásán láti ìsàlẹ̀ òkun, tẹ́ ẹ sẹ́ ẹ, tẹ́ ẹ kó ohun tó kù sábẹ́ máíkírósíkóòpù, oríṣi ekòló kéékèèké àti àwọn ìbátan edé tẹ́ ẹ máa rí lè yà yín lẹ́nu, àmọ́ ẹyọ ẹyọ ni, èyí kan, tọ̀hún méjì. Ẹ wá bọ́ síbi tí gáàsì ti ń yọ gan-an, níbi tí sulfide ti mú jù, oríṣi tó lè fara da májèlé yẹn ò pọ̀, àmọ́ àwọn tó fara dà á, wọ́n bo ilẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ ò ní rí àyè. Nítorí náà tó bá jẹ́ oríṣi mélòó ló wà lórí mítà kan péré, ẹrọ̀fọ̀ lásán lè borí. Ẹni tó kọ ìyẹn ò parọ́.

Àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ka biodiversity. Ẹ̀ẹ̀kínní, ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ kò sí níbòmíì láyé, ẹ kó wọn kúrò, ìlà ìdílé odindi ló lọ. Ẹ̀ẹ̀kejì, ojú kan náà kọ́ ni ibẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń kúrò láàárín bọ̀ sí etí, ẹ óò kọ́kọ́ bá bakitéríà funfun tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni, Beggiatoa nìyẹn, ẹ óò tún bá ìkarahun clam tó ri ara ẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ óò bá mussel, igbó ekòló onípáìpù, lẹ́yìn náà àpáta. Ibi kọ̀ọ̀kan ló ní àwọn tirẹ̀. Inú igbó ekòló yẹn nìkan, ìgbín kéékèèké wà níbẹ̀, edé wà níbẹ̀, ìràwọ̀ òkun tó lọ́wọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ekòló míì tó ń jẹ ẹran, ẹja tó sá pamọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣírò gbogbo etíkun pọ̀, ibi tí cold seep wà ní oríṣi tó pọ̀ ju ibi tí kò sí lọ. Báyìí ni kó ṣe kọ ọ́.

Àpáta tí mo sọ yẹn, àwọn kòkòrò àìfojúrí ló mọ ọ́n o. Ní 2000 ni Antje Boetius àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ láti Jámánì kọ nípa ohun tí wọ́n rí nínú ẹrọ̀fọ̀ Hydrate Ridge níwájú ìpínlẹ̀ Oregon: archaea ṣùjọ sáàárín, bakitéríà yí wọn ká ṣìkìtì, kékeré bíńtín tí ojú ò lè rí. Archaea ń lo methane láìsí ọ́síjìn rárá, bakitéríà tó yí i ká ń lo sulfate tó wà nínú omi òkun, iṣẹ́ àjọṣe ni, ọ̀kan ò lè dá a ṣe. Ohun méjì ló ń jáde níbẹ̀. Ọ̀kan ni hydrogen sulfide, òun ni ekòló onípáìpù ń fà. Ìkejì ni bicarbonate, òun àti calcium inú omi á dì pọ̀, á di òkúta. Díẹ̀ díẹ̀ bẹ́ẹ̀, àpáta á yọ níbi tó jẹ́ ẹrọ̀fọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní Gulf of Mexico, mussel ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé nígbà tí gáàsì ṣì ń tú jáde dáadáa, ekòló onípáìpù á wá gba ibẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, tí gáàsì bá wá rọlẹ̀ tán, iyùn inú òkun á jókòó sórí àpáta tó kù, iyùn yẹn ò nílò gáàsì, ibi tó le tó máa dúró lé ló ń wá. Ibì kan náà, ará ilé mẹ́ta tó ń gba ilé lọ́wọ́ ara wọn.

Kẹ́ ẹ tó sọ pé ìwọ̀nba ọdún nìyẹn: ekòló Lamellibrachia tó gùn tó mítà méjì, wọ́n ṣírò pé ó ti lé ní 170 ọdún, ó lè tó 250. Escarpia laminata, ekòló onípáìpù míì tó ń gbé níbi tó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣirò tó jáde ní 2017 fi hàn pé àwọn míì nínú wọn lè lé ní 300 ọdún. Ekòló kan ṣoṣo yẹn o. Nígbà tó kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀, Ọ̀yọ́ Ilé ṣì dúró.

BabaSuuru

300 ọdún láìlẹ́nu. Abájọ. Ẹnu ló ń pa èèyàn.

iya_ibeji_baltimore

🤣🤣 Bàbá yìí! Ẹ ṣeun o bọ̀dá Túndé, máa ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé apá ọ̀dọ̀ wa níbí náà wà?

tunde_marine

Ó wà o, orúkọ ìlú yín ló tiẹ̀ ń jẹ́. Baltimore Canyon, àfonífojì abẹ́ omi níwájú etíkun Maryland, cold seep wà níbẹ̀ ní bíi mítà 400 péré, mussel bò ó. Wọ́n tún fi ẹ̀rọ tó ń fi ohùn wo ìsàlẹ̀ omi rí ibi tó lé ní 500 tí gáàsì ti ń yọ níwájú etíkun ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, láti Cape Hatteras títí dé Georges Bank, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014, kẹ́ ẹ sì wá rò ó pé kó tó dìgbà yẹn, èyí tí wọ́n mọ̀ lápá ibẹ̀ ò ju ìwọ̀nba tí wọ́n lè fi ìka kà. Ẹ ní kó fi sínú èsè, tíṣà á fẹ́ràn ẹ̀.

rov_kehinde

Ẹ jẹ́ kí n gba ìbéèrè kejì, torí iṣẹ́ mi nìyẹn, ROV ni mò ń wà, ìyẹn rọ́bọ́ọ̀tì abẹ́ omi yẹn, lórí ọkọ̀ ojú omi tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn elépo. Omo ijebu, ó wà lọ́dọ̀ wa, ó sì pọ̀. Gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìsàlẹ̀ òkun níwájú Niger Delta, ẹrọ̀fọ̀ tí odò Ọya ti ń gbé wá láti ayébáyé ló wọ́ jọ síbẹ̀, ó nípọn, ó wúwo, ó ń tẹ ara ẹ̀, gáàsì àti epo tó wà nísàlẹ̀ sì ń wá ibi tí wọ́n máa gbà yọ. Ibi tó bá yọ, ilẹ̀ máa ń jìn, kòtò rìbìtì, pockmark la máa ń pè é níbi iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá wo máàpù ìsàlẹ̀ òkun tí wọ́n fi sónà ṣe, ihò yẹn á fọ́n káàkiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí lójú skírínì. Ẹrọ̀fọ̀ ni ẹ óò máa wò, ó rí pátápátá bákan náà, àwọ̀ eérú, ẹ óò ti máa tòògbé. Lójijì ilẹ̀ á dúdú. Dúdú yẹn, sulfide ni. Ẹ óò rí funfun lórí ẹ̀, bakitéríà tí bọ̀dá Túndé sọ yẹn, tí omi tí ẹ̀rọ wa ń tì bá kàn án báyìí, á fò sókè pẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìkarahun òfìfo, òkú, á kọ́kọ́ hàn, tẹ́ ẹ bá rí òkú yìí kẹ́ ẹ ti mọ̀ pé ààyè ò jìnnà. Ẹ óò wá dé ibi tí mussel dúró lóòró, ẹnu wọn ṣí díẹ̀, edé funfun ń rìn lórí wọn, àpáta gbúngungbùngun tó yọ lábẹ́ wọn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni gáàsì yẹn fúnra ẹ̀. Ìsàlẹ̀ yẹn tutù bíi fíríìjì, omi sì ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ gidi, tí ìhó gáàsì bá ti jáde báyìí, kíá lara ẹ̀ á dì, á ní awọ yìnyín tín-ínrín. Kì í dán bí ìhó inú mínírà, ó máa ń ṣú. Tẹ́ ẹ bá gbé irin ROV sí ojú ọ̀nà ẹ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀kan á gun orí èkejì, kò ní pẹ́ tí yìnyín gidi á fi wà lára irin yẹn, a sì máa ní láti gbọ̀n ọ́n dà nù ká tó lè máa báṣẹ́ lọ.

omo_ijebu_kan

Haa! Yìnyín tó jẹ́ gáàsì? Ṣé ó lè jó?

rov_kehinde

Ó ń jó dáadáa. Methane hydrate ni wọ́n ń pè é, omi tó dì yí methane ká. Tẹ́ ẹ bá gbé e wá sókè, á máa yọ́, gáàsì á máa jáde lára ẹ̀, ẹ ṣáná sí i, á gbà. Ó wà lábẹ́ òkun tiwa náà, wọ́n ti fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ jáde níwájú Niger Delta rí.

tunde_marine

Ekòló tún ń gbé inú yìnyín yẹn o. Ní 1997, Charles Fisher ti yunifásítì Penn State àtàwọn tí wọ́n jọ lọ rí i ní Gulf of Mexico, pupa rẹ́súrẹ́sú, pẹlẹbẹ, ó tó sẹ̀ńtímítà díẹ̀, ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó ti gbẹ́ ihò sí ara yìnyín, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ó jọ pé bakitéríà tó wà lójú yìnyín ló ń jẹ.

Èyí tí ọmọ yín máa fẹ́ràn jù ni akàn kan níwájú Costa Rica, Kiwa puravida, 2011 ni wọ́n fún un lórúkọ. Irun bò ó lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, bakitéríà ló gbìn sórí irun yẹn. Ẹ óò rí i tó dúró níbi tí gáàsì ti ń yọ tó ń ju ọwọ́ méjèèjì síwá sẹ́yìn, síwá sẹ́yìn, tí ẹ ò bá mọ̀ ẹ óò ní ijó ló ń jó, omi tó ní ọ́síjìn àti sulfide ló ń fẹ́ sí oko ẹ̀ lára. Tó bá yá, á fi ẹnu ẹ̀ tó ní irun bíi kóòmù ya irun yẹn, á jẹun. Àgbẹ̀ ni.

Lórí ti Áfíríkà, èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò fínnífínní jù lápá ibí ni Regab, níwájú Congo àti Gabon, mítà 3,160 nísàlẹ̀, kòtò kan tó fẹ̀ tó mítà 800. Àwọn Ifremer, iléeṣẹ́ ìwádìí òkun ti ilẹ̀ Faransé, ló rí i ní 2000, orúkọ bíà tí wọ́n ń mu ní Gabon ni wọ́n fi sọ ọ́ (àwọn onísáyẹ́ǹsì náà ń gbádùn). Mussel wà níbẹ̀, clam wà níbẹ̀, Escarpia wà níbẹ̀. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á ni pé àwọn ará ibẹ̀ àti àwọn ti Gulf of Mexico, ẹbí ni wọ́n. Edé kan tiẹ̀ wà tó ń jẹ́ Alvinocaris muricola, oríṣi kan náà ló wà ní ẹ̀bá Congo àti ní Amẹ́ríkà, òkun Atlantic odindi ló wà láàárín. Báwo ni wọ́n ṣe sọdá? Ọmọ wẹ́wẹ́ wọn ni. Mussel kan tó wà ní Gulf of Mexico, ọmọ ẹ̀ lè lé ní ọdún kan tó ń bá ìṣàn omi lọ kó tó fìdí kalẹ̀, ìṣàn omi á sì gbé e dé ibi tó bá gbé e dé. Ọ̀pọ̀ jù á kú sójú ọ̀nà. Ìwọ̀nba tó bá ṣe kòńgẹ́ ibi tí gáàsì wà á bẹ̀rẹ̀ ilé tuntun.

oga_gaasi

Gbogbo ẹ̀ dùn létí o. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa, kí lèrè ẹ̀ fún mẹ̀kúnnù? Orílẹ̀-èdè tí iná ò dúró sójú kan, ẹ óò wá sọ pé ká má wa gáàsì torí ekòló tí kò lẹ́nu. Àwọn òyìnbó ti wa tiwọn tán kí wọ́n tó rántí ekòló.

rov_kehinde

Ọ̀gá mi, epo ló ń bọ́ èmi náà, mi ò lè sọ pé kẹ́nikẹ́ni má wà á. Kẹ́ ẹ sì wò ó, ṣe là ń ti ibi tó jìn mítà 1,000 wa epo látìgbà tí Bonga, ibi tí wọ́n ti ń wa epo nínú òkun wa, ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005, a ò ní dá a dúró lọ́la. Ohun tí mò ń sọ kò le. Kí wọ́n tó gbé páìpù tàbí áńkọ̀ kalẹ̀, a kọ́kọ́ máa ń yẹ ilẹ̀ wò, ìdí tiwọn ni pé ibi tí gáàsì wà kì í dúró dáadáa, ilẹ̀ ẹ̀ lè yẹ̀, kanga lè tú, owó ni wọ́n ń dáàbò bò. Ibi tá a bá ti rí pockmark tí nǹkan ń yọ níbẹ̀, wọ́n á yí páìpù gba ẹ̀gbẹ́. Yíyà gba ẹ̀gbẹ́ yẹn náà ló ń gba ekòló là. Ní Gulf of Mexico, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti fi í sófin pé kí ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ kanga jìnnà síbi tí irú àwọn ẹ̀dá yìí wà, wọ́n sì ń wa epo wọn lọ ràì. Ohun tó ń dùn mí lọ́dọ̀ wa ni pé fídíò tá a yà, ibi tí páìpù máa gbà nìkan ni wọ́n ń wò lára ẹ̀, wọ́n á wá kó o sínú hard drive, ó parí. Mo ti rí ẹ̀dá lójú skírínì tó jẹ́ pé bóyá ni ẹni tó mọ̀ ọ́n máa fojú kàn án láéláé. Tí wọ́n bá lè máa fún àwọn yunifásítì wa ní ẹ̀dà, kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀.

tunde_marine

Ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé ti sọ ọ́. Máa fi èrè tí ọ̀gá ń bèèrè kún un. Methane tó bá jáde sínú afẹ́fẹ́, tá a bá fi 100 ọdún ṣírò ẹ̀, ó ń mú ayé gbóná tó nǹkan bí ìlọ́po 28 carbon dioxide tí ìwọ̀n wọn dọ́gba. Gáàsì tó wà lábẹ́ òkun pọ̀ kọjá sísọ. Kí ni kò jẹ́ kó tú dà sókè? Àwọn archaea àti bakitéríà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, wọ́n ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ tán nínú ẹrọ̀fọ̀ kó tó fojú kan omi. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Àwọn ẹja shark kan náà ń yé ẹyin wọn sára àpáta àti ekòló ibẹ̀, wọ́n ti rí ẹyin wọn níbi cold seep ní Mediterranean àti níwájú Chile.

Tẹ́nì kan bá sì ní ó jìnnà, kò kan òun, ẹ rántí Deepwater Horizon, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kanga epo tó bú gbàù ní Gulf of Mexico ní oṣù kẹrin 2010, èèyàn 11 ló kú lórí ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n sọ ROV sílẹ̀ ní ibi tó jìn sí kanga yẹn tó kìlómítà 11, iyùn tó jókòó sórí àpáta níbẹ̀ ti rọ, nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ bò ó, ara ẹ̀ ń já sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé iyùn wà níbẹ̀, ó kù díẹ̀ kí wọ́n má mọ̀ títí tó fi máa kú. Ibi tí ẹ ò bá yà ní máàpù kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, ẹ ò ní lè bèèrè owó ìtanràn lórí ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ìyẹn ṣe èrè náà ọ̀gá.

oga_gaasi

Ti owó ìtanràn yẹn yé mi 😂 Ó dáa, mo gbà. Kí wọ́n ya máàpù.

BabaSuuru

Gbogbo ẹ̀ ti yé mi. Mussel yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣeé sè?

rov_kehinde

Bàbá, ẹ ò ní lè dúró ti ìkòkò ẹ̀. A ti gbé àpáta kan wá sókè rí tí díẹ̀ wà lára ẹ̀, ṣe ni gbogbo dẹ́ẹ̀kì ń rùn bíi ṣalángá, kúùkù wa ló kọ́kọ́ sá.

omo_ijebu_kan

Ẹ ṣé gan-an o ẹ̀yin ọ̀gá mi, Ọlọ́run á fún yín ní ṣe. Ọmọ yẹn ti kọ ojú ìwé mẹ́ta. Ó ní kí n bèèrè, ṣé ibì kan wà téèyàn ti lè máa wò ó bí rọ́bọ́ọ̀tì bá ṣe ń lọ lọ́wọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti gé pọ̀?

tunde_marine

Ó wà. Ọkọ̀ ìwádìí òkun ti NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òkun àti ojú ọjọ́, tó ń jẹ́ Okeanos Explorer máa ń fi tiwọn hàn tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n bá wà lórí omi, ọkọ̀ kejì tó ń jẹ́ Nautilus náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wá Nautilus Live lórí YouTube. Àwọn onísáyẹ́ǹsì ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn, ẹ óò máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo tí wọ́n bá rí nǹkan. Wákàtí púpọ̀ lẹ máa fi wo ẹrọ̀fọ̀ kẹ́ ẹ tó rí nǹkan kan o, tẹ́ ẹ bá sì fi í sí HD, á jẹ dátà yín tán, 360p ti tó.